Ìwé Kíkiri ní Borokiri: Ìtàn Ọkọ̀ Tó Ń Gbé Ìwé Lọ Bá Ọmọdé

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ọdún yìí ló ní kí n kọ ìtàn ráńpẹ́ nípa bọ́ọ̀sì tí àwa kan fi ń pín ìwé ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní Borokiri. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ohun tí kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá, kí ni ìtàn inú rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó rò ó, mo rí i pé bọ́ọ̀sì wa ní bàbá, ó ní bàbá ńlá, àwọn mìíràn nínú ìdílé rẹ̀ sì kú ikú tó yẹ kí á sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọwọ́ mi ló kú sí. N ó dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Port Harcourt mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ìlú ni Borokiri wà, ní ìhà gúúsù Town, níbi tí ilẹ̀ ti ń parí tí omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Òdìkejì omi ni Okrika. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Ijọ sọ fún mi pé ilẹ̀ ni “kiri” ń jẹ́ ní èdè tiwọn. Ẹ má bínú, etí Yorùbá mi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí láti kékeré. Lójú tèmi, kiri ni ohun tí ìyá mi ń ṣe. Àkàrà ló ń kiri ní òwúrọ̀, ẹ̀pà ló ń kiri ní ìrọ̀lẹ́, èmi a sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú abọ́ kékeré. Nítorí náà ni mo ṣe pe iṣẹ́ wa yìí ní ìwé kíkiri. Ẹni tó ń kiri kì í jókòó sínú ìsọ̀ kó máa retí oníbàárà.

Gbogbo yín lẹ mọ bí àwọn bàbá wa ṣe dé ìlú yìí. Wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní Udi ní ọdún 1909, ìjọba òyìnbó sì ń wá ibi tí ọkọ̀ ojú omi yóò ti máa kó o. Ní ọdún 1913 ni Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ àmúsìn ní London, sọ èbúté tuntun náà. Nígbà tó fi di ọdún 1916, ojú irin ti dé Enugu láti ibí. Ojú irin náà ló gbé bàbá mi wá. Ọdún 1959 ni wọ́n bí mi ní Town. Nígbà tí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, bàbá mi kó wa sínú lọ́rì, a gba orí afárá Odò Ọya kọjá ní Onitsha, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí wọ́n kọ fún ọmọdé. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ìwé Aworẹrin, èyí tí ẹ̀ka ìtẹ̀wé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń tẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó fún mi ní ọ̀kan. Kò yá mi o, ó fún mi ni. Mo sùn tì í títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Ní Port Harcourt tí a ti wá, n kò ní ìwé kankan tó jẹ́ tèmi rí, yàtọ̀ sí ìwé iléèwé tí ẹ̀gbọ́n mi ti lò gbó.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí ìlú òyìnbó. Ní ọdún 1858, àwọn ará Warrington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n kó ìwé sínú rẹ̀, ó sì ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò kí àwọn òṣìṣẹ́ lè yá ìwé kà. Èyí tí a mọ̀ jù ni ti arábìnrin Mary Titcomb ní Hagerstown, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà (kì í ṣe Maryland ti Ìkejà o). Òun ni olórí ilé ìkàwé ibẹ̀. Ó ti ń kó àpótí ìwé sí ilé ìtajà àti ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri àwọn abúlé, síbẹ̀ ó rí i pé àwọn àgbẹ̀ tó wà lóko jìnnà kò rí i lò. Ní ọdún 1905, ó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì tí pẹpẹ ìwé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi Joshua Thomas, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé náà, ṣe awakọ̀. Àwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ fi kun kẹ̀kẹ́ náà. Ìtàn kan wà tí arábìnrin yìí fúnra rẹ̀ sọ: àgbẹ̀ kan rí kẹ̀kẹ́ náà lókèèrè, ó sì kígbe pé kó má wulẹ̀ yà, kò sí òkú nílé àwọn. Ó rò pé ọkọ̀ òkú ni! Wọ́n sáré wá ọ̀dà pupa, wọ́n fi kun ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọdún 1910 ni ọkọ̀ ojú irin kọ lu kẹ̀kẹ́ náà, ó sì fọ́ yángá. Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó rí ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì rà.

Mo fẹ́ràn ìtàn ọ̀dà pupa yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tí a fẹ́ kun bọ́ọ̀sì tiwa, èmi ni mo sọ ọ́ nínú ìpàdé, òun ló sì fà á tí ẹ fi ń rí bọ́ọ̀sì wa ní àwọ̀ ìyeyè àti pupa bí ọjọ́ ọdún. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ṣì ń ráhùn pé kò bójú mu fún àgbàlagbà. Kì í ṣe àgbàlagbà ni a kùn ún fún.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ilẹ̀ Gold Coast ló ṣíwájú. Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ní Accra, John Aglionby, fi £1,000 sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940 kí wọ́n fi dá ilé ìkàwé sílẹ̀. Arábìnrin Evelyn Evans, tí British Council rán wá, sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà. Ọkọ̀ rẹ̀ ń kó àpótí ìwé lọ sí àwọn ìlú tí kò ní láíbìrì. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1950, ìjọba ti fi òfin dá ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1953 ni UNESCO pe àwọn onímọ̀ jọ sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti jíròrò bí ilé ìkàwé gbogbogbòò yóò ṣe gbòòrò ní Áfíríkà. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣèpàdé náà. Ṣùgbọ́n Enugu ni wọ́n mú ṣe ibi àpẹẹrẹ, kì í ṣe Ìbàdàn. Ìjọba Ìlà-Oòrùn ṣe òfin ilé ìkàwé ní ọdún 1955, Kalu Okorie ló di olórí iṣẹ́ náà, wọ́n ṣí ilé ìkàwé àgbà sí Enugu ní ọdún 1959, wọ́n sì fi ọkọ̀ ìwé kún un fún àwọn ibi tó jìnnà. Abẹ́ ìjọba Ìlà-Oòrùn yìí ni Port Harcourt wà nígbà náà. Kò sí ohun tó dùn mí nínú pé wọ́n mú Enugu. Ọ̀gbẹ́ni Okorie mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó wá yẹ iṣẹ́ náà wò sì jẹ́rìí sí i.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún ọdún 1968. Ọdún 1971 ni àwa padà wá. Ẹlòmíràn ti ń gbé ilé wa.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí lẹ́yìn ogun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀. Gbogbo wa la ń yangàn pẹ̀lú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ní àkókò kan náà, Kay Williamson, òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, ń bá àwọn ènìyàn Rivers ṣe Rivers Readers Project. Ìwé kíkà fún ọmọdé ni, ní èdè tó lé ní ogún. Èdè mìíràn wà nínú wọn tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀ tó èrò ọjà Dùgbẹ̀. Arábìnrin náà wá bá Yunifásítì Port Harcourt ní ọdún 1977, àárín wa níbí ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ìyókù ayé rẹ̀ ṣe títí ó fi kú ní ọdún 2005. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kí mi ní Yorùbá, ó sì béèrè ibi tí mo ti ṣì ohùn ara mi gbé, nítorí pé Yorùbá mi ti dàpọ̀ mọ́ ti Port Harcourt.

Mo ní n ó dé ibi ọkọ̀ tó kú sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo kúrò ní yunifásítì, tí mo sì parí ìsìnrú ìlú, mo wọṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1984. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé mi lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ìwé kan wà ní àgbàlá ibẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, Bedford ni, aláwọ̀ búlúù àti funfun, ó ní àtẹ̀gùn lẹ́yìn àti pẹpẹ onígi nínú. Iṣẹ́ igi náà dára. Káfíńtà tó ṣe é kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Ọkọ̀ yìí kò kúrò lábẹ́ igi náà ní gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀. Ọ̀gá kan ti yọ bátìrì rẹ̀ sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ẹlòmíràn yọ táyà. Awakọ̀ rẹ̀ ń gba owó oṣù, ó ń bá wa kó fáìlì. Mo kọ ìwé ìbéèrè fún epo, fún táyà, fún àtúnṣe. Wọ́n dá fáìlì padà, wọ́n kọ K.I.V. sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìwé tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ wà nínú ilé ìkẹ́rù, nínú páálí, nítorí pé a kò lè fi wọ́n síta láìsí àṣẹ. Nígbà tí a ṣí ilé ìkẹ́rù náà lọ́jọ́ kan, èèpo ìwé nìkan ló kù lókè. Ikán ti jẹ gbogbo inú.

Ní ọdún 1993, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láti yẹ àwọn ohun ìjọba tó ti gbó wò, kí wọ́n lè tà wọ́n ní gbàǹjo. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. A kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà kò ṣeé tún ṣe mọ́. Irọ́ ni. Mẹkáníìkì ti sọ fún mi pé bátìrì, táyà mẹ́rin àti ìfọ̀ táǹkì ni gbogbo ohun tó nílò. Ṣùgbọ́n ọdún náà le, owó oṣù ń pẹ́, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò máa dá ọ̀rọ̀ dúró. Mo buwọ́ lù ú. Ẹni tó rà á ń ṣe búrẹ́dì. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo fi ń rí ọkọ̀ náà ní Creek Road láàárọ̀, wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ mìíràn, búrẹ́dì sì wà lórí pẹpẹ onígi wọ̀nyẹn, ó tò bí ìwé. Èmi náà rà níbẹ̀. Búrẹ́dì rẹ̀ dára.

Àwọn kan wà ní Port Harcourt yìí tí wọn kò dúró de fáìlì. Ẹ rántí Àlùfáà Potts-Johnson, ọmọ Sàró, tó dá iléèwé gíga Enitonna sílẹ̀ ní ọdún 1932, tó sì tún ní ìwé ìròyìn tirẹ̀. Borokiri yìí ni Enitonna wà, orúkọ rẹ̀ sì máa ń dún bí Yorùbá létí mi títí di òní. Ẹ rántí Ken Saro-Wiwa ní Aggrey Road, tó ń fi ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ara rẹ̀ tẹ ìwé, títí kan ìwé Mr. B fún àwọn ọmọdé, kí ìjọba ológun tó pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 1995 nínú ẹ̀wọ̀n ìlú yìí. Ní ọdún 2005, Koko Kalango bẹ̀rẹ̀ Rainbow Book Club, ọdún 2008 ni àjọ̀dún ìwé bẹ̀rẹ̀ níbí, UNESCO sì fi Port Harcourt ṣe Olú-ìlú Ìwé Àgbáyé láti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2014 di oṣù kẹrin ọdún 2015. Ìlú kan ṣoṣo ló ti gba oyè náà ṣáájú wa ní gbogbo Áfíríkà, Alexandria ní Íjíbítì, ní ọdún 2002. Inú mi dùn lọ́dún náà, mo wọ agbádá lọ síbi ayẹyẹ. Ìgbà tí mo ń bọ̀ nílé lálẹ́, ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Mo ní ọdún ìwé ni. Ó ní, wọ́n ń pín in ni? N kò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn mọ́.

Ẹni tó tún ṣí mi lójú ni Fúnmi Ilori ní Èkó. Tíṣà ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ iREAD Mobile Library ní ọdún 2013 pẹ̀lú owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Bọ́ọ̀sì tí pẹpẹ ìwé wà nínú rẹ̀ ni, ó ń lọ láti iléèwé sí iléèwé. Mo rí ọ̀kan nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Èkó. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì, mo ń wo bí àwọn ọmọ ṣe ń tò gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn rẹ̀, Bedford abẹ́ igi máńgòrò sì padà wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ará Kenya tilẹ̀ ti ń fi ràkúnmí gbé ìwé lọ bá àwọn darandaran ní Garissa láti ọdún 1996. Ràkúnmí kì í béèrè bátìrì.

Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún 2019. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àrùn kòrónà ti iléèwé pa, àwọn ọmọ Borokiri sì wà nílé láti oṣù kẹta, wọ́n ń ṣeré nínú ẹrẹ̀ etí omi láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa ló dá owó jọ. A ra HiAce àlòkù ní ọdún 2021, a yọ àga rẹ̀ àyàfi ti iwájú, káfíńtà kan ní Town ṣe pẹpẹ sí i. Mo ní kó ṣe é ní igi, kó má ṣe é ní irin.

Àríyànjiyàn wa àkọ́kọ́ ni bóyá kí á máa yá àwọn ọmọ ní ìwé ni tàbí kí á máa fún wọn. Èmi ni mo dúró gírígírí lórí yíyá. Mo ti ra rẹ́jísítà, mo ti gbẹ́ òǹtẹ̀, mo ti ṣírò iye tí ọmọ yóò san bí ìwé bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kì í tètè kúrò lára ènìyàn. Àgbà kan nínú ìpàdé sì gbè mí lẹ́yìn pé ìwé ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Awakọ̀ wa ló dá a rú. Kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó na ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, níbo la ó ti rí wọn? Ilé wọn kò ní nọ́ńbà.” Òótọ́ ni. Láti ọdún 2009 tí ìjọba ti wó Njemanze, àti ọdún 2012 tí wọ́n wó Abonnema Wharf, kò sí ọmọ etí omi kan ní Port Harcourt tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ibi tí òun sùn lónìí ni òun yóò sùn ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí yóò bá yáni ní ìwé gbọ́dọ̀ mọ ilé ẹni. Bí a bá fẹ́ yá wọn, àwọn ọmọ tó ní ilé dáadáa nìkan ni yóò yẹ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbà láti máa fúnni pátápátá, tí rẹ́jísítà mi sì wà nínú àpótí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2023, obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ ní etí wá bá wa. Ọmọ náà lè tó ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé tí a fún un ní Sátidé tó ṣáájú wà lọ́wọ́ ìyá. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá èmi ni mo ni ín. Mo ní èmi kọ́, ọmọ rẹ̀ ló ni ín, a fún un ni. Ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú wo? Mo ní kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan níbẹ̀. Ó yí ìwé náà sẹ́yìn, ó ń wá àwòrán olóṣèlú, bí wọ́n ṣe máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò ìrẹsì. Kò rí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní bí wọ́n bá rí irú ìwé báyìí lọ́wọ́ ọmọ òun níbi tí àwọn ń gbé, wọn yóò ní ó jí i ni, kò sì sí ẹni tí yóò gba ẹnu òun gbọ́. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ bírò. Mo kọ orúkọ ọmọ náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo kọ déètì, mo kọ ọ́ pé wọ́n fún un ni, kò jí i, mo sì buwọ́ lù ú. Obìnrin náà kò kúrò. Ó ní òǹtẹ̀ ńkọ́? Mo lọ ṣí àpótí.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìwé tó bá jáde nínú bọ́ọ̀sì ti ń gba pépà kékeré kan tí a lẹ̀ sínú rẹ̀: orúkọ ọmọ, déètì, òǹtẹ̀, ọwọ́ mi. Ọwọ́ máa ń ro mí ní alẹ́ Sátidé. Ìlà àwọn ọmọ náà gùn, wọ́n a sì máa kígbe “Papa Book don come” láti ìgbà tí a bá ti yọ ní ìkóríta.

Ìwé wo gan-an ni à ń fún wọn? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ nínú wọn ń wá láti òkè òkun. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1954 ni ìyàwó Ọlọ́lá Ranfurly ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ tó jìnnà, iṣẹ́ náà ló sì di Book Aid International. Ẹni tó bá ṣà á dáadáa, ó ń ṣeni lóore. Ṣùgbọ́n páálí tí àwọn ènìyàn wa fúnra wọn ń kó ránṣẹ́, ohun tó wà nínú ilé ni wọ́n ń kó dà sínú rẹ̀. A ti rí ìwé owó orí ìlú London ti ọdún 1998 nínú ìwé ọmọdé. A ti rí ìwé tí wọ́n ti kun tán, tí ọmọ ẹlòmíràn ti fi kíráyọ̀nù dáhùn gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀. Yìnyín pọ̀ nínú wọn jù. A bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, owó wa kò sì tó nǹkan.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Kalabari, mú ìwé Rivers Readers kan wá fún wa láti inú àpótí rẹ̀, ní èdè Kalabari. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, a kò lè fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń wá kà á sókè fún wọn ní Sátidé kejì oṣù, lórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Kalabari pàápàá ń jókòó tì í. Lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ níwájú, mo to ìwé Aláwìíyé àti ìwé àlọ́ Yorùbá mélòó kan síbẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwa. Ẹ̀yin ará mi, wọ́n wà níbẹ̀ láti ọdún 2021. Ọmọ àwọn ará ẹgbẹ́ wa ń gun bọ́ọ̀sì náà, wọ́n ń fò wọ́n kọjá, wọ́n ń mú ti yìnyín. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan, ó ní “Grandpa, I can't read it.” Mo mọ bàbá rẹ̀, mo mọ bàbá bàbá rẹ̀, a jọ kọrin Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bóyá ó wà nínú àwọn tó ń ka èyí.

Kí n tún sọ ti èéfín. Láti ìparí ọdún 2016 ni eruku èéfín dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé Port Harcourt, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn so mọ́ epo tí wọ́n ń sè nínú igbó láìgbàṣẹ. Ìwé tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọmọ mẹ́ta, àmì ìka dúdú ni yóò kún ojú ewé rẹ̀. A ń fi aṣọ tútù nu èèpo wọn ní alaalẹ́ Jímọ̀. Ohun tó sì kù díẹ̀ kó dá wa dúró pátápátá ni epo tiwa. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí à ń ra lítà kan ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. A ń jáde ní gbogbo Sátidé tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni. Gíà bọ́ọ̀sì náà sì ti ń ké. Mo ti sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́, n kò sì kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ọmọ obìnrin yẹn tún wá ní oṣù tó kọjá. Ó ti ga, ó ti wọ iléèwé gíga. Ó ní omi òkun wọ ilé àwọn nígbà tí òjò pọ̀, ó sì ba ìwé náà jẹ́. Pépà kékeré inú rẹ̀ nìkan ló yọ, ó ti sá a sóòrùn, ó wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ náà ti ṣàn díẹ̀ ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ hàn. Ó béèrè bóyá ó lè fi gba òmíràn. Mo ní kò nílò pépà kankan, kó wọlé kó mú èyí tó bá wù ú. Kò gbà. Ó mú ìwé kan, ó padà wá síbi tábìlì mi, ó na pépà náà sí mi, ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tuntun, kí n sì tún buwọ́ lù ú lábẹ́ ti àtijọ́. Mo bá a wá gọ́ọ̀mù.